Ọmọ Tó Ṣáájú Mi Nínú Fáìlì Bàbá Mi

Bàbá mi máa ń kun bàtà méjèèjì. Ẹsẹ̀ òsì nìkan ló kù fún wọn; ti ọ̀tún ti dúró sí ìlú òkèèrè kan tí ìjọba rán wọn lọ, pé kí wọ́n lọ bá onílé parí ìjà. Síbẹ̀, láràárọ̀ Sátidé, wọ́n á fa páálí bàtà jáde lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, wọ́n á fi pọ́líìṣì kun ọ̀tún, wọ́n á kun òsì, wọ́n á fi àkísà dán méjèèjì títí èèyàn á fi lè wo ojú ara rẹ̀ nínú wọn. Wọ́n á wọ òsì, wọ́n á dá ọ̀tún padà sínú páálí. Nígbà tí mo gbọ́njú díẹ̀, mo bi ìyá mi léèrè ìdí rẹ̀. Ìyá mi ní, “Ṣé ẹsẹ̀ tìẹ ni?” Ọ̀rọ̀ sì parí síbẹ̀. Bí a ṣe máa ń dáhùn ìbéèrè nílé wa nìyẹn, bóyá ìdí sì nìyẹn tí mo fi dàgbà di ẹni tí àyà rẹ̀ máa ń já kí ohun tó máa já a tó dé rárá.

Àkúrẹ́ là ń gbé, yàrá méjì, ìyá mi sì ń ta kẹrosíìnì níwájú ilé. Ọdún le nígbà náà. Kẹrosíìnì wọ́n bí ojú, oṣù ń kọjá lórí oṣù láìsanwó fún òṣìṣẹ́, tíṣà tó kọ́ mi ní ìṣirò ń fi ọ̀kadà gbé èèyàn lọ sọ́jà lẹ́yìn tí ilé-ìwé bá jáde. Owó ìfẹ̀yìntì bàbá mi máa ń wá nígbà tó bá wù ú. Gbogbo wa ń sọ pé lọ́dún tó ń bọ̀ á sàn, ṣùgbọ́n kàkà kó sàn lára ìyá àjẹ́, ó ń fi gbogbo ọmọ bí obìnrin, ẹyẹ wá ń yí lu ẹyẹ. Inú ọdún yẹn náà ni yunifásítì Àkúrẹ́ wá gbà mí wọlé. Ìyá mi fi àrọ tí wọ́n fi ń rọ kẹrosíìnì sínú ìgò jó yípo lẹ́ẹ̀kan, lẹ́yìn náà wọ́n jókòó, wọ́n béèrè iye tí wọ́n ń gbà níbẹ̀. Nígbà tí mo sọ ọ́, wọn ò jó mọ́. Ìwé ìgbàwọlé náà ń rùn kẹrosíìnì kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú.

Ọ̀rẹ́ bàbá mi kan tí wọ́n jọ ṣe sójà ló gbé ọ̀rọ̀ wá. Ojú kan ni òun fi sílẹ̀ níbi tí bàbá mi fi ẹsẹ̀ sílẹ̀ sí. Ó ní ìjọba ń san owó ilé-ìwé ọmọ àwọn sójà tó kú sẹ́nu iṣẹ́, bẹ́ẹ̀ náà ni ti àwọn tó di aláàbọ̀ ara. Pé ọ́fíìsì wọn wà ní Àkúrẹ́ níbí, pé ọmọ òun méjì ti ń gbà á. “Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́,” ló sọ, ó sì yí ojú kan tó kù sọ́dọ̀ bàbá mi. Bàbá mi ń dán bàtà. Wọ́n ní, “Mo ti gbọ́ nípa ẹ̀ tipẹ́.”

Gbólóhùn yẹn ló kọ́kọ́ dẹ́rù bà mí. Bí wọ́n bá ti gbọ́ tipẹ́, kí ló dé tí wọn ò sọ? Kí ló dé tí ìyá mi fi ń sáré kiri ìlú tẹ̀lé ọkọ̀ tó ń já kẹrosíìnì láti fi san owó ilé-ìwé gírámà mi? N kò bi wọ́n. Ta ni yóò bi wọ́n? Lọ́jọ́ Ajé, mo kó ìwé mi, mo lọ sí ọ́fíìsì náà fúnra mi.

Ilé àtijọ́ kan ni, igi fúrúùtù ńlá kan wà níwájú rẹ̀ tí àwọn opó àti àwọn ọmọ wọn jókòó sí abẹ́ rẹ̀. Nígbà tó kàn mí, obìnrin akọ̀wé tó wà nínú ilé ní kí n wọlé. Ó sanra, ó fi okùn so gíláàsì ojú mọ́ ọrùn, Àkúrẹ́ ẹnu rẹ̀ kò sì ní àbùlà.

“Ulé ibo lo ti wá?”

“Ọmọ Oǹdó ni bàbá mi, mà, ṣùgbọ́n Àkúrẹ́ níbí la wà.”

Mo fún un ní nọ́ńbà iṣẹ́ bàbá mi. Ó wọ ẹ̀yìn lọ, ó gbé fáìlì kan bọ̀, ó gbọn eruku rẹ̀, ó ṣí i, ó wò mí, ó tún wo inú fáìlì.

“Ṣé ọkùnrin ni ọ́ ni?”

Mo rẹ́rìn-ín, mo rò pé ó ń bá mi ṣeré ni. “Rárá, mà.”

“Ọmọ kan ṣoṣo ni bàbá rẹ kọ síbí. Ọkùnrin ni, ó sì jù ọ́ lọ. Ibo ló wà?”

Ẹ̀rín mi gbẹ mọ́ mi lẹ́nu. Mo ti mọ̀ pé ẹnì kan ṣáájú mi, àmọ́ bí èèyàn ṣe ń mọ̀ pé ejò wà nínú igbó ni mo ṣe mọ̀ ọ́n. Nígbà tí mo wà ní kékeré, ìyá àgbà kan wá kí wa láti Oǹdó, ó sì fi orúkọ ọmọ kan pe ìyá mi, ‘Ìyá’ ẹni tí kì í ṣe èmi. Bàbá mi dìde, wọ́n jáde. Ìyá mi ń ka ìgò tí wọ́n ti kà tẹ́lẹ̀. Ìyá àgbà náà fọwọ́ bo ẹnu. Kò sí ẹni tó là á yé mi, èmi náà ò sì béèrè, torí mo ti mọ irú èsì tí mo máa gbà.

“Mo rò pé kò sí mọ́, mà,” ni mo sọ.

Akọ̀wé náà yọ gíláàsì. Ojú rẹ̀ rọ̀ díẹ̀, ṣùgbọ́n òfin rẹ̀ kò rọ̀. Ó ní òun kò lè kọ ọmọ mìíràn sínú fáìlì níwọ̀n ìgbà tí ẹni àkọ́kọ́ bá ṣì wà níbẹ̀ bí alààyè. Àwọn kan ti fi irú ẹ̀ jẹ ìjọba lówó rí. Ẹni tó sin ọmọ náà gbọ́dọ̀ lọ búra ní kóòtù, kí ìwé ìbúra náà wá. Bàbá mi fúnra wọn sì gbọ́dọ̀ wá síwájú òun, kí wọ́n fọwọ́ sí i pé ọmọ náà ti kú. “Ìparí oṣù yìí ni orúkọ ń lọ sí Àbújá. Tó bá kọjá, ó dọdún tó ń bọ̀ nùn, bí wọ́n bá ṣì ń ṣe é. Uṣẹ́ ìjọba ni.”

Mo rìn dé ilé láìmọ ọ̀nà tí mo gbà. Bàbá mi wà lórí àga wọn lẹ́yìn ilé, igi méjì tí wọ́n fi ń ti abíyá rìn wà ní ẹ̀gbẹ́ wọn. Mo kúnlẹ̀, mo sọ ohun tí akọ̀wé sọ, bí ẹni tó ń ka ìwé, kí n má baà dúró láàárín ọ̀nà. Wọn ò bínú. Ì bá sàn kí wọ́n bínú. Wọ́n ń wo igi méjèèjì yẹn títí mo fi rò pé wọn ò gbọ́ mi.

“Ọdún tí mo kọ ọ́ síbẹ̀ náà ni,” wọ́n sọ. “Wọ́n ní kí olúkúlùkù kọ orúkọ ọmọ rẹ̀. Inú mi dùn. Mo fi bírò tuntun kọ ọ́. Oṣù kejì ni ibà mú un.” Wọ́n to igi méjèèjì pọ̀. “Ìdí tí mi ò fi kọ ìwọ nìyẹn. Má rò pé mo gbàgbé rẹ ni o. Mo mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é ni.”

Bàbá mi kì í ṣe òpè. Wọ́n ń ka ìwé ìròyìn láti òkè délẹ̀, wọ́n máa ń bá rédíò jiyàn. Wọ́n mọ̀ pé ibà pa ọmọ púpọ̀ lọ́dún náà, ọmọ àwọn tí kò kọ orúkọ ọmọ wọn síbì kankan rárá. Ṣùgbọ́n ohun tí orí mọ̀, ọkàn lè má gbà á. Èmi náà ńkọ́, èmi tí wọ́n kọ́ ní sáyẹ́ǹsì? Láti ọjọ́ yẹn ni ẹ̀rù méjì ti ń bá mi sùn, tí wọ́n ń bá mi jí. Ẹ̀rù ń bà mí pé wọn ò ní kọ mí, kí n ta kẹrosíìnì títí irun mi á fi funfun. Ẹ̀rù sì ń bà mí pé wọ́n máa kọ mí, kí oṣù kejì má sì bá mi láyé. Orí ń fọ́ mi níbi tí orí fífọ́ kò sí. Mo ń fi ẹ̀yìn ọwọ́ kan ọrùn mi wò bóyá ó gbóná. Òwúrọ̀ mìíràn wà tí mo bá wo àrọ ìyá mi, tí mo sì sọ nínú ara mi pé kẹrosíìnì náà ò burú.

Ìyá mi ló là á yé mi, níwájú ilé, wọn ò wo ojú mi, wọ́n ń fi àkísà nu ìdí ìgò.

“Òkú ọ̀fọ̀ ni. Wọn kì í fi sàréè ọmọ han ìyá, wọn kì í fi han bàbá. Wọ́n gbà á lọ́wọ́ mi, wọ́n ní kí n wọlé kí n kọjú sí ògiri. Àbúrò bàbá rẹ ló gbé e lọ. Òun nìkan ló mọ ibẹ̀. A kì í bi í, òun náà kì í sọ.” Wọ́n gbé ìgò kan, wọ́n gbé e sílẹ̀. “Lọ sí Oǹdó. Omi tí èèyàn máa mu kò ní ṣàn kọjá ẹni.”

Ó wù mí kí n sọ fún wọn pé omi ni wọ́n pa òwe yẹn mọ́, kì í ṣe owó ìjọba.  Wọ́n fún mi lówó ọkọ̀ látinú owó ọjà. Bàbá mi rí mi tí mo ń gbé báàgì, wọn ò sì sọ nǹkan kan.

Epo ọkọ̀ ti di góòlù lásìkò náà. Awakọ̀ kó wa sínú mọ́tò rẹ̀ bí iṣu, a sì ń bá a jà lórí owó títí a fi dé Ọ̀wẹ̀nà, níbi tó ti dúró ra ọ̀gẹ̀dẹ̀ fún ilé rẹ̀ láìbi wá bóyá a ń kánjú. Mo ń kánjú. Ọjọ́ ìparí oṣù ń bọ̀, mi ò sì mọ bí wọ́n ṣe ń bi èèyàn ní irú ìbéèrè tí mo gbé lọ. Mo ń dán an wò nínú ọkàn mi. “Ẹ jọ̀ọ́, sà, ibo lẹ sin ín sí?” Ó burú. “Ẹ jọ̀ọ́, sà, ìjọba fẹ́ mọ̀...” Ó tún burú jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Àbúrò bàbá mi, tí à ń pè ní Bàbá Kékeré, jẹ́ ẹlẹ́rìn-ín. Kòkó ni wọ́n ń sá níwájú ilé nígbà tí mo dé. Wọ́n ń sọ Oǹdó wọn kíákíá, èmi tí mo dàgbà ní Àkúrẹ́ ń sáré tẹ̀ lé e lẹ́yìn. Wọ́n fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé ọmọ Oǹdó kan tó ń gbọ́ èdè bàbá rẹ̀ bí àlejò. Lẹ́yìn tí mo jẹun tán ni mo sọ ọ̀rọ̀ náà. Ẹ̀rín kúrò lójú wọn pátápátá.

“Ta ló rán ọ?”

“Ìyá mi ni, sà.”

“Bàbá rẹ ńkọ́?”

“Wọn ò ní kí n wá, sà. Wọn ò sì ní kí n má wá.”

“Ọ̀rọ̀ sójà nìyẹn,” wọ́n sọ. Wọ́n mú ọ̀pá ìrokòkó, wọ́n ń tú kòkó tó ti gbẹ ká, wọ́n ń kó o jọ padà.  Mo rò ó pé bí wọ́n bá kọ̀, kò sí ẹlòmíràn lókè eèpẹ̀ tí mo lè bẹ̀. Nígbà tó pẹ́, wọ́n ní, “Àgbà kì í sin èwe. Èmi ni mo kéré jù nínú ilé nígbà náà, èmi ni wọ́n gbé e lé lọ́wọ́. Wọ́n ní kí n má sọ fún bàbá, kí n má sọ fún ìyá. N kò gbọ́ pé wọ́n ní kí n má sọ fún àbúrò rẹ̀.” Wọ́n gbé ọ̀pá sílẹ̀. “Dìde.”

Oko ìdílé wa kò jìnnà sí ìgboro mọ́. Ilé ti ń rìn lọ bá a. Ẹ̀gẹ́ ni Bàbá Kékeré gbìn síbẹ̀, ebè ń tẹ̀ lé ebè láti eteetí ọ̀nà títí dé ìdí igi obì kan. Lábẹ́ igi obì náà, wọn ò kọ ebè. Ibì kan wà tí ọkọ́ kò kàn, kò ju ẹní ọmọdé lọ. Wọ́n ti ṣe oko yípo rẹ̀ lọ́dọọdún, wọ́n sì fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Mo bi wọ́n bóyá ìyàwó wọn tàbí àwọn ọmọ wọn kò béèrè rí pé kí ló dé tí wọn kì í gbin nǹkan síbẹ̀. Wọ́n ní, “Mo sọ fún wọn pé gbòǹgbò igi ò jẹ́ kí ọkọ́ wọlẹ̀.”

Ọmọ ọdún mẹ́ta ni nígbà tó lọ, ṣùgbọ́n ẹ̀gbọ́n mi ni. Mo kúnlẹ̀, mo kí wọn. Bàbá Kékeré yíjú sápá kan kí n lè sọ ohun tí mo fẹ́ sọ. N kò mọ ohun tí wọ́n ń sọ fún ẹ̀gbọ́n tí èèyàn kò rí rí, nítorí náà òtítọ́ ni mo sọ. Mo ní, “Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí wọ́n kọ mí. Ẹ má sì jẹ́ kí n kú.” Mo sunkún níbẹ̀. Mi ò lè sọ fún ẹnikẹ́ni bóyá torí tiwọn ni tàbí torí tèmi.

Ní ọjọ́ kejì, a lọ sí kóòtù. Bàbá Kékeré búra pé àwọn ló sin ọmọ náà. Akọ̀wé kóòtù béèrè ibi tí wọ́n sin ín sí, wọ́n ní, “Lórí ilẹ̀ ìdílé, ní Oǹdó.” Ọkùnrin náà gbé ojú sókè, wọ́n jọ wo ara wọn. Ọmọ Oǹdó lòun náà. Ó kọ ọ́ bẹ́ẹ̀, ó tẹ òǹtẹ̀ lù ú, kò béèrè ohun mìíràn. Inú mi dùn títí mo fi wọ mọ́tò, ṣùgbọ́n mọ́tò kò tíì dé Ọ̀wẹ̀nà tí mo fi bẹ̀rẹ̀ sí í rò ó pé ìwé yìí ṣe kúkúrú jù fún ìjọba.

Mo gbé ìwé náà sórí tábìlì níwájú bàbá mi. Wọn ò fọwọ́ kàn án. Wọ́n ń jẹun ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, wọ́n ń gbọ́ rédíò ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Oṣù ń lọ sópin. Ìyá mi ní kí n má dá wọn láàmú. Láti dákẹ́ náà iṣẹ́ ni. Ojú ni alákàn fi ń ṣọ́rí, èmi náà ń fi ojú ṣọ́ ìwé yẹn bóyá wọ́n ti yí i padà, bóyá ó ti kúrò ní igun tí mo gbé e sí. Kò kúrò. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í bínú sí wọn, lẹ́yìn náà mo rántí ilẹ̀ tí kò ju ẹní lọ yẹn, ìbínú mi sì di omi.

Ní ọjọ́ tó kẹ́yìn tí ọ́fíìsì máa ṣí nínú oṣù náà, mo jí gbọ́ òórùn pọ́líìṣì. Kì í ṣe Sátidé. Bàbá mi ti kun bàtà méjèèjì, wọ́n ti wọ òsì, wọ́n wọ ṣẹ́ẹ̀tì funfun tí wọ́n fi ń lọ gba owó ìfẹ̀yìntì. Ìwé náà wà nínú àpò àyà. Wọ́n ní, “Ṣé a ò lọ ni?”

Nígbà tó kàn wá, akọ̀wé kí bàbá mi dáadáa, ó ní kí wọ́n jókòó. Ó ka ìwé ìbúra náà sínú. Mo ń wo ẹnu rẹ̀. Ó dé apá ìsàlẹ̀, ó dúró.

“Ilẹ̀ ìdílé? Ulẹ̀ ìdílé wo? Oǹdó tóbi. Wọ́n á dá èyí padà fún mi láti Àbújá kí ọ̀sẹ̀ tó pé.” Ó mú bírò. “Ibo gan-an ni wọ́n sin ín sí?”

 Apá bàbá mi kan apá mi lórí bẹ́ǹṣì kékeré yẹn, mo sì lè gbọ́ bí wọ́n ṣe ń mí. Mo mọ ibẹ̀. Mo mọ igi tó wà níbẹ̀, mo mọ ohun tí wọ́n gbìn yí i ká. Bí mo bá la ẹnu, bàbá mi á gbọ́ ohun tí kò yẹ kí bàbá kankan gbọ́. Bí mo bá pa á mọ́, ilé-ìwé ti lọ.  Akọ̀wé ń wo àwa méjèèjì.

“Ta ló mọ̀ ọ́n nínú yín?”

Bàbá mi yíjú sí mi. Mo ti ń tẹjú mọ́lẹ̀, ṣùgbọ́n mo rí i. Ìgbà yẹn ni wọ́n tó mọ̀ pé kì í ṣe ìwé nìkan ni mo gbà bọ̀ láti Oǹdó, pé mo ti dé ọ̀dọ̀ ọmọ wọn.  Wọ́n nawọ́ mú igi wọn, wọ́n fi ti abíyá, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í dìde. Dídìde wọn kì í yá. Igi kan yọ̀ lórí sìmẹ́ńtì, opó kan tó wà lẹ́nu ọ̀nà fẹ́ dì wọ́n mú, wọ́n gbọn orí fún un. Wọ́n rìn jáde. Mo rí wọn lójú fèrèsé. Wọ́n lọ dúró lábẹ́ igi fúrúùtù, wọ́n kẹ̀yìn sí wa.

Akọ̀wé wo ẹ̀yìn wọn, ó wo ìwé, ó sì wá yé e. Ó yọ gíláàsì. “Ọ̀fọ̀ ni,” ó ní. “Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́ ká rí i.” Ó fa àga rẹ̀ sún mọ́ mi. “Sọ ọ́ jẹ́jẹ́.”

Mo sọ ọ́ sí i létí. Ó kọ ọ́ sínú fọ́ọ̀mù tí bàbá mi máa fọwọ́ sí. Lẹ́yìn náà ló ṣe ohun tí mi ò jẹ́ gbàgbé fún un láéláé: ó ṣẹ́ fọ́ọ̀mù náà po, ó fi píìnì há a, tó fi jẹ́ pé ojú ibi tí wọ́n máa fọwọ́ sí nìkan ló hàn. Ó wá ránṣẹ́ pè wọ́n. Bàbá mi wọlé, wọ́n jókòó, wọ́n fọwọ́ sí i.  Bírò ni wọn ò tètè gbé sílẹ̀.

Akọ̀wé ṣí fáìlì, ó fẹ́ kọ orúkọ mi sí abẹ́ ti ẹ̀gbọ́n mi.

“Ẹ dúró, ẹ jọ̀ọ́,” ni bàbá mi wí. “Ẹ bá mi ṣí ojú ewé tuntun.”

“Eléyìí ò tíì kún, bàbá. Orúkọ kan ló wà níbẹ̀.”

“Mo mọ̀.”

Ó wò wọ́n.  Ó ṣí ojú ewé tuntun, ó sì kọ orúkọ mi sí òkè rẹ̀ gàgàrà. Mo ń wo bírò náà láti lẹ́tà àkọ́kọ́ dé ìkẹyìn. Bàbá mi náà ń wò ó. Nígbà tó kọ ọ́ tán, àwa méjèèjì jókòó síbẹ̀ bí ẹni tó ń retí ariwo kan. Ariwo kankan kò dún. Ẹni tó kàn ti ń kan ilẹ̀kùn.

Owó náà dé, ó pẹ́ kó tó dé. Wọ́n lé mi jáde nínú gbọ̀ngàn ìdánwò lẹ́ẹ̀kan kó tó wá, bàbá mi sì bi mí ní gbogbo òwúrọ̀ oṣù kejì yẹn bóyá mo sùn dáadáa, bóyá ara mi gbóná. Wọ́n á ní àwọn kàn ń béèrè ni. Oṣù náà kọjá, òmíràn tẹ̀ lé e, mo sì kàwé jáde.

Ṣùgbọ́n ọjọ́ tí wọ́n kọ mí yẹn, a ò rí ọ̀kadà gbé wa padà, torí pé kò sí epo. A ń rìn díẹ̀, à ń sinmi díẹ̀. A jókòó sórí bẹ́ǹṣì fọkanáísà kan lẹ́bàá títì. Bàbá mi ń wo bàtà wọn tí eruku ti bò.

“Ṣé oòrùn ń pa ibẹ̀?”

Wọn ò wò mí nígbà tí wọ́n béèrè rẹ̀. N kò mọ̀ bóyá èèwọ̀ mú ìbéèrè yẹn, n kò sì mọ̀ bóyá ó mú ìdáhùn rẹ̀. Mo wo ojú títì.

“Rárá, sà.”

“Òjò ńkọ́?”

“Ọ̀gbàrá kì í gba ibẹ̀, sà.”

Wọ́n mi orí. Wọ́n mi í pẹ́ títí. Wọ́n ní, “Àbúrò mi ṣeun.” Lẹ́yìn náà ni wọ́n na ọwọ́ sí mi pé kí n fa àwọn dìde, àwọn tí kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fa àwọn dìde rí. Mo fà wọ́n dìde, a sì jọ ń lọ sílé.